Ooru ló ń wá kiri: ọ̀rọ̀ alángbá onírùngbọ̀n kan ní Àjàṣẹ́

Adìẹ, ewúrẹ́ àti àgùntàn ni wọ́n sábà máa ń torí wọn pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, alángbá ni. Baálé ilé kan lápá Ouando ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, lórílẹ̀-èdè Benin), tó ń wa ọkọ̀ fún òyìnbó kan ní Kútọnu, ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí Yúróòpù. Ọ̀gá náà fi àpótí dígí rẹ̀ kún un, pẹ̀lú gílóòbù méjì àti ìwé pélébé kan tí wọ́n fi Faransé kọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ sí. Kí wọ́n tó dé Àjàṣẹ́, àpótí dígí ti fọ́ nínú búùtù ọkọ̀, gílóòbù kan sì ti bá a lọ. Ìyàwó ilé ní kò sóhun tó burú níbẹ̀: ṣebí alángbá ni, ṣé inú àpótí ni àwọn tó wà lára ògiri ń gbé ni? Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ sí pálọ̀ nìyẹn.

Ó ń rìn fàlàlà. Àwọn ọmọ ilé sọ ọ́ ní Onírùngbọ̀n nítorí awọ ẹlẹ́gùn-ún abẹ́ ọrùn rẹ̀ tó máa ń wú, tó sì máa ń dúdú bí inú bá bí i tàbí tí ẹ̀rù bá bà á. Ó ń gun ìtì àga, ó ń jẹ ewé lọ́wọ́ wọn, àwọn ará àdúgbò sì ń yà wá wò ó. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, tí òjò ti dáwọ́ díẹ̀ àmọ́ tí oòrùn kò ràn dáadáa, ó yí padà. Kò jẹun mọ́. Ara rẹ̀ dúdú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Igun kan ló ń dùbúlẹ̀ sí, bí wọ́n bá sì gbé e, ó ń la ẹnu bí ẹni fẹ́ bunijẹ, ohun tí kò ṣe rí. Ìgbà yẹn ni baálé ránṣẹ́ sí mi.

Ẹni tó bá mọ alángbá tiwa, èyí tí orí akọ rẹ̀ máa ń pọ́n, ti mọ ìbátan Onírùngbọ̀n. Inú ìdílé kan náà, Agamidae, ni àwọn onímọ̀ kó wọn sí. Àmọ́ àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni tirẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín. Pogona vitticeps ni orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ìwé. Bó bá dàgbà tán, ó máa ń gùn tó 40 sí 60 sẹ̀ǹtímítà láti imú dé ìrù, ó sì lè lo ọdún 8 sí 12 lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ọsirélíà kì í jẹ́ kí wọ́n kó ẹran ìgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ tà, nítorí náà, àwọn tó wà nílé àwọn èèyàn káàkiri ayé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹran ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí wọn, láti ìran dé ìran. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa fara balẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Alángbá tiwa kò ní dúró kí o nawọ́ tán.

Mo wọlé, mo kí Ìyá Àgbà lórí ẹní rẹ̀. Ìyá tó bí baálé ni, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé, “Ìyá, láti ìgbà wo ni ara rẹ̀ kò ti yá?” Ó ní, “Ọmọ mi, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣé èmi ni yóò wá mọ̀ ọ́n?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣẹ̀fẹ̀ ni ìyá ń ṣe, àmọ́ kò sí ẹni tó júwe àìsàn náà tó o lọ́jọ́ yẹn.

Mo kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀, kò jìn wọnú. Mo fi ìka tẹ àgbọ̀n rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó le dáadáa, kò rọ̀ bíi ti èyí tí kálísíọ̀mù ti tán lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ kò wú, ìrù kò yọ egungun. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun, ó jẹ́ 345 gíráàmù, èyí tí kò burú fún èyí tó tóbi tó yẹn. Ara rẹ̀ tutù gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo yí i padà sí ọwọ́ mi. Ikùn rẹ̀ ti bó. Ojú iná gbọọrọ kan wà láti abẹ́ àyà lọ sí ẹ̀gbẹ́ itan ọ̀tún, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka méjì; àárín rẹ̀ ti dúdú, etí rẹ̀ ń ṣomi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó rí i, torí kò sí ẹni tó ń yí alángbá padà wo ikùn rẹ̀. Èyí tí ara ń ro ti ń fi ikùn tó jóná wọ́lẹ̀ lójú gbogbo wọn.

Ìyàwó ilé gbá orí mú. Ó ní kò sí iná kankan ní pálọ̀, orí sítóòfù ló ń dáná, níta lẹ́yìnkùlé. Gílóòbù tó kù kò tíì kúrò nínú páálí. Nítorí náà, mo bẹ àwọn ọmọ pé kí wọ́n mú mi lọ síbi tí wọ́n ti sábà máa ń rí i. Mo ka ìrìn kékeré yẹn sí ohun tó wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ tú irú ẹran yìí sílẹ̀ nínú ilé: má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ibi tí o fẹ́ kó wà, kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn fíríìjì, níbi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Wọ́n mú mi lọ síbi dikódà tẹlifíṣọ̀n, tó ń gbóná tọ̀sán tòru. Láàárọ̀, ẹnu ọ̀nà ló ń wà, níbi tí oòrùn ti ń fẹ́ tín-ín-rín wọlé sórí ìloro. Lálẹ́ ńkọ́? Ọmọbìnrin tó dàgbà jù nínú wọn nàka sí ẹ̀gbẹ́ ògiri: “Abẹ́ mọ́tò Bàbá.”

Àwọn tó ń gbé Àjàṣẹ́ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ohun tí alùpùpù ń wá ní pálọ̀. Olè ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a máa ń tì í wọlé. Baálé yìí a gun tirẹ̀ bọ̀ láti Kútọnu, ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà, kò sì ní pa á títí yóò fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Sálẹ́ńsà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bọ̀ lè bó awọ ojúgun èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní àpá rẹ̀. Onírùngbọ̀n ti gun orí ẹsẹ̀ mọ́tò náà, ó sì ti fi ikùn lé e.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí kò fi sá? Ìbéèrè gidi ni. Nínú ìgbẹ́ tirẹ̀, òkè ni ooru ti ń wá, láti ara oòrùn. Ẹ̀yìn àti orí rẹ̀ ló mọ̀ bí oòrùn bá ti pọ̀ jù, tí yóò sì wá ibòji. Ooru tó bá ń ti ìsàlẹ̀ wá, tó sì le ju bó ti yẹ lọ, wọ́n ti rí i lára oríṣiríṣi ẹran afàyàfà pé wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ lé e títí awọ yóò fi jóná. Àwọn tó ń ta òkúta oníná, èyí tí iná mànàmáná ń mú gbóná kí ẹran lè dùbúlẹ̀ lé e, ní òkè òkun ti fi ẹran púpọ̀ ṣòfò kí àwọn dókítà ẹran tó bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún èèyàn. Kì í ṣe pé kò mọ ìrora. Ó mọ̀ ọ́n, ẹnu tó ń là sí àwọn ọmọ ló fi ń sọ ọ́.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé òtútù ń pa á. Kò sí ẹran afàyàfà tó ń dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi tiwa tàbí ti adìẹ. Kí oúnjẹ tó lè dà nínú rẹ̀, ó nílò ibi kan tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 40 Sẹ́lísíọ̀sì tí yóò máa yá oòrùn lé, àti ibòmíràn tó tutù díẹ̀, bí ìwọ̀n 25, tí yóò máa sá sí. Àwa tí a ń làágùn ní Àjàṣẹ́ rò pé ilé wa ti gbóná tó. Fún wa, ó tó. Àmọ́ pálọ̀ tí wọ́n fi táìsì sí, tí fáànù ń fẹ́, nínú oṣù kẹjọ, mo wọn ilẹ̀ rẹ̀: ìwọ̀n 26 ni. Alángbá tó wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní kú lónìí, kò sì ní kú lọ́la, ṣùgbọ́n oúnjẹ yóò máa dúró sí i nínú, yóò sì máa wá ooru kiri títí yóò fi rí i. Ibi tí ooru wà nínú ilé èèyàn, ibi tó léwu náà ni: ẹ́ńjìnnì, wáyà, ẹnu ọ̀nà, sálẹ́ńsà, etí ààrò.

Nítorí náà ni mo fi sọ fún baálé pé ògiri kọ́ ni yóò dá a dúró. Bó ti wù kó dí ẹ̀yìn fíríìjì tó, yóò wá òmíràn. Ooru ni kó gbé síbi tó fẹ́ kí ẹran náà wà, yóò rí i pé ìrìnkèrindò yẹn yóò dín kù fúnra rẹ̀.

Ojú iná la kọ́kọ́ mú ṣe. Mo po bétádínì díẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bíi ti tíì tí kò le, mo fi fọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, mo sì fi ìpara silver sulfadiazine tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Oògùn ìrora ńkọ́? Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ dókítà ẹran ní Kútọnu, tó mọ̀ nípa irú ẹran wọ̀nyí, ló ṣírò rẹ̀ sí ìwọ̀n ara rẹ̀. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí, ẹ má ṣe fọ́ oògùn orí fífọ́ tiyín sí méjì fún un. A kó gbogbo aṣọ àti ẹní kúrò lábẹ́ rẹ̀, a tẹ́ bébà funfun tí wọ́n ń pààrọ̀ lójoojúmọ́, kí ohunkóhun má baà lẹ̀ mọ́ egbò náà. Wọ́n ń kán omi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Wọ́n kò gbọdọ̀ rì í sínú omi títí egbò yóò fi gbẹ. Mo sọ fún wọn pé egbò ẹran afàyàfà kì í tètè jinná, ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí ara rẹ̀ bá sì tutù, yóò tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìpàdé ilé bẹ̀rẹ̀. Baálé fẹ́ lọ ra àpótí dígí mìíràn. Mo ní kó má wulẹ̀ ná owó rẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀sà ni a wà, afẹ́fẹ́ wa máa ń rin. Ẹran yìí sì fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Bí a bá sé e mọ́ inú dígí pẹ̀lú ọ̀rinrin Àjàṣẹ́, àyà rẹ̀ ni yóò dùn ún, yóò máa mí pẹ̀lú ariwo, ikun yóò sì máa yọ ní imú rẹ̀. Èrò mi ni pé fífọ́ tí àpótí yẹn fọ́, ó ṣe é lóore. Ilé onínẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ló bá ìlú wa mu, káfíńtà àdúgbò sì lè kàn án.

Àbúrò baálé, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, dá sí i: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọgbà Jardin des Plantes, kó lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀.” Ẹ̀rín tún ṣẹlẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí n fèsì gidi fún un. Àwọn ẹbí yẹn kò ní gbà á. Aràn àti kòkòrò inú ìfun tí wọ́n ń gbé kiri tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan lè pa á. Òjò wa kan ṣoṣo yóò bá a ní àyà. Ká tilẹ̀ ní ó yè, kò sí ẹni tó yẹ kó máa tú ẹran ilẹ̀ òkèèrè sínú igbó wa.

Ìyá Àgbà ní tòun kò pọ̀. Kó má wọ yàrá tí òun ti ń kírun, kó má sì yàgbẹ́ sórí ẹní òun. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó ilé wo ọmọ tó ń rákò lórí ilẹ̀, ó bi mí pé, “Dókítà, ṣé kò lè kó àìsàn ran ọmọ yìí?”

Ó lè kó o. Ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ pẹ́ jù nìyẹn, mo sì rí i pé baálé kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹran afàyàfà, kódà èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, máa ń gbé kòkòrò àrùn Salmonella nínú ìfun rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣe é ní nǹkankan. Ó ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀, ibi tó bá sì wọ́ gbà kọjá ló ń fi í sí. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 àti àgbàlagbà tó ti lé ní 65 ni ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ máa ń gbé dè jù. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ilé yìí. Ọmọ tó ń rákò, ilẹ̀ ni àwo oúnjẹ rẹ̀. Lórí kókó yìí nìkan, kò sí bí alángbá yóò ṣe máa rìn fàlàlà ní pálọ̀ tí ọmọ náà ti ń ṣeré. Nígbà tí mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ fi abọ́ hàn mí. Abọ́ tí wọ́n fi ń fọ ìrẹsì ni. Ìyàwó ilé kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé abọ́ náà, ó fi ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde.

Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni yàrá kékeré tó kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ wà tẹ́lẹ̀. Káfíńtà kan ilé onínẹ́ẹ̀tì sí igun rẹ̀, ó ga dé ìbàdí. Gílóòbù ooru tó kù la so sókè rẹ̀, a sì fi wáyà yí i ká kí ẹran náà má lè fara kàn án. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé igi gbígbẹ kan sí, a ń sún gílóòbù sókè sódò títí ojú igi náà fi tó ìwọ̀n 40. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní gílóòbù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Onírùngbọ̀n ti mọ igi yẹn. Ó máa ń dùbúlẹ̀ lé e, á la ẹnu díẹ̀. Ẹnu lílà yìí kò jọ ti ìjà o, bó ṣe ń tú ooru tó pọ̀ jù kúrò lára ni.

Yàrá náà fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ ju ilé onínẹ́ẹ̀tì lọ. Abẹ́ ilẹ̀kùn ṣí tó ìka mẹ́ta, a kan pákó sí i. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, a dí i. Táìsì ń yọ̀, èékánná rẹ̀ kò rí nǹkan dì mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń là sọ́tùn-ún sósì; ẹní ọ̀rá ni a tẹ́, èyí tí kò ní òwú létí. Ọ̀rọ̀ òwú yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ilé máa ń jókòó sí yàrá yẹn dirun fún àwọn oníbàárà. Atáṣímẹ́ǹtì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó bá wé mọ́ ọmọ ìka alángbá yóò fún un títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́, ìka yóò sì já. Ìlẹ̀kẹ̀ irun sì rèé, tó pọ́n, tó kéré, tó ń tàn: bí oúnjẹ ló rí lójú rẹ̀. Bó bá gbé e mì, ó lè há sí ìfun. A ní kí wọ́n gbé irun dídì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú bí ẹ̀gbọ́n díẹ̀, ó ní àwọn ti wá di àlejò alángbá báyìí.

Oògùn apakòkòrò ńkọ́, àti kọ́ìlì ẹ̀fọn? Wọn kò gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. Aáyán tí wọ́n fín oògùn sí ní ilé ìdáná, tó wá sá wọbẹ̀, májèlé tó ń rìn ni.

Ètò ọjọ́ rẹ̀ wá lọ báyìí. Wọ́n máa ń tan gílóòbù ní aago méje àárọ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ bá ti móoru, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti mọ́, yóò jẹun. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni yóò yàgbẹ́, wọn á kó o, wọn á fi ọṣẹ fọwọ́. Ẹ̀yìn ìgbẹ́ yìí ni wọ́n máa ń ṣí ilé onínẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó tó yàgbẹ́ ló ń ba ẹní èèyàn jẹ́. Láàárín ọ̀sán, ó lè máa rìn kiri yàrá, ó ní bíríkì kan lójú fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí tó lè gùn, ó sì lè padà sórí igi rẹ̀ nígbà tó bá wù ú. Bíríkì náà, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò. Bí ẹ̀yìn ọwọ́ kò bá lè dúró lórí rẹ̀, wọn á fa aṣọ fèrèsé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọn á ti gbé e wọlé. Mo tẹnu mọ́ ọn fún baálé: kí alùpùpù tó wọlé, kí Onírùngbọ̀n ti wọlé. Ó sì lè tì mọ́tò náà dúró lọ́dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń tì pa, níbi tí yóò ti tutù.

Bí a bá ti yọ ooru kúrò, ẹsẹ̀ àti ilẹ̀kùn ni mo bẹ̀rù jù. Alángbá tó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, àwọ̀ rẹ̀ àti ti ẹní lè bára mu. Èèyàn tó ń wọlé kánkán pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ lórí kò ní rí i. Àwọn ọmọ ló gbé ojútùú wá. Bó bá wà nílẹ̀, wọn á so aṣọ mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí aṣọ, yóò kan ilẹ̀kùn, yóò rọra ṣí i, yóò wo ilẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀. Aṣọ pupa ni wọ́n kọ́kọ́ so. Ìyá Àgbà ní ta ló sọ ilé ọmọ òun di ojúbọ? Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí funfun. Èyí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn náà. Àdìrẹ ni wọ́n so báyìí, àlàáfíà sì wà.

Ọ̀ràn oòrùn gidi kù. Gílóòbù tó fọ́ nínú ọkọ̀ ni èyí tó ń tú ìtànṣán UVB, láìsí ìtànṣán yìí, ara rẹ̀ kò lè ṣe fítámì D3, bí kò bá sì sí fítámì D3, kálísíọ̀mù inú oúnjẹ kò ní ṣiṣẹ́, egungun yóò rọ̀. Baálé rò pé oòrùn ojú fèrèsé ti tó. Gíláàsì fèrèsé máa ń gba ooru láyè, ó sì máa ń dí èyí tó pọ̀ jù nínú UVB. Nítorí náà, a yọ gíláàsì lúfà náà, a fi nẹ́ẹ̀tì onírin tó le dípò rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí oòrùn bá ràn láàárọ̀, wọ́n máa ń gbé e jáde sí àgbàlá nínú àgò onínẹ́ẹ̀tì, ìdajì rẹ̀ wà lábẹ́ ibòji, ọmọ kan á sì jókòó tì í. Nínú ike tàbí dígí kọ́ o: oòrùn wa yóò sè é níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í ń ṣọ́ àwòdì àti ológbò àdúgbò, ó sì ń wo ilẹ̀ bóyá ìjàlọ ń bọ̀. Ní ìlú tí oòrùn ti pọ̀ tó báyìí, kò sí ìdí tí èèyàn yóò fi máa jẹ gbèsè nítorí gílóòbù òkè òkun, àyàfi ìgbà òjò gan-an.

Oúnjẹ kò gbà wá ní àsìkò. Èyí tó ti dàgbà, ewé ló yẹ kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí kòkòrò jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ewé gbòrò àti ewé mọ̀ríńgà pọ̀ lọ́jà Ouando, wọ́n dára. Tẹ̀tẹ̀ kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ń di kálísíọ̀mù mú, kó má di ojoojúmọ́. Ìrẹ̀ àti tata, kí wọ́n wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò fín oògùn sí. Píà kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Tanátaná náà, èyí tó ń mọ́ yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́ lálẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà, àwọn ọmọ máa ń mú un ṣeré. Ó ti pa irú alángbá yìí rí ní Amẹ́ríkà, májèlé inú rẹ̀ ń lé ọkàn ẹran náà, ẹyọ kan sì ti tó. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárọ̀, wọ́n kì í fún un ní oúnjẹ títí iná yóò fi dé tàbí tí oòrùn yóò fi ràn, torí oúnjẹ tí kò rí ooru, inú rẹ̀ ni yóò ti bàjẹ́.

Àwọn ọmọ ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé e wá sí pálọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. A gbà, pẹ̀lú àdéhùn: kí pákó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, kí mọ́tò wà níta, kí ọmọ kékeré wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo gbà pé òun ni ojú, tí kò ní fi nǹkan mìíràn kún un. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù ló ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin gbìyànjú, bọ́ọ̀lù gbé ọkàn wọn lọ. Bí eré bá tán, wọ́n ń fi ọṣẹ nu ilẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ kalẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó kẹ́yìn, egbò ti gbẹ. Ó ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó jóná, ìpẹ́ tuntun ibẹ̀ kéré, ó sì funfun ju ti àyíká rẹ̀ lọ, àpá yẹn yóò sì wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n kà 372 gíráàmù. Mo béèrè bóyá ó ṣì ń lọ sẹ́yìn fíríìjì bí wọ́n bá gbé e wá sí pálọ̀. Wọ́n ní ó ń lọ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò wo pákó, yóò jókòó díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kọrí sí ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni ìnáwó òkú tí wọ́n fẹ́ lọ ṣe ní Kétu níparí oṣù. Gbogbo ilé ló ń lọ. Aládùúgbò kan gbà láti máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti fún un ní omi àti ewé, láti tan gílóòbù kó sì pa á. Mo ní ní gbogbo ìgbà tí wọn kò bá sí nílé, ilé onínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí, ì báà jẹ́ wákàtí kan. Baálé gbà, ìyàwó rẹ̀ gbà. Àwọn ọmọ fẹ́ mọ̀ bóyá a lè gbé e dání lọ sí Kétu nínú apẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà sì ti dá wọn lóhùn kí n tó la ẹnu.